Ọ̀nà Mẹ́ta Pàdé ní Ìsẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tó ń gbé Ìbàdàn nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ àwàdà díẹ̀ kúrò, mo sì fi èyí tí n kò lè yọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín, bí orúnkún ò tilẹ̀ gbà mí mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ pè mí, ẹ kú ìnáwó. Àkòrí tẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà yín ni akitiyan Gómìnà Ṣèyí Mákindé láti mú kí ayé dẹrùn fún ará ẹnu-ibodè ní Òkè-Ògùn, níbi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Nígbà tí mo kà á tán, mo ní, ṣé orin ìyìn làwọn ọmọ yìí fẹ́ kí n wá kọ ni, àbí wọ́n fẹ́ kí n wá bá wọn bú ènìyàn? N kò wá ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Máàpù ni mo fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Máàpù ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà lára ògiri yìí, láti ilé ni mo ti ká a wá, ẹ má wo etí rẹ̀ tí ó ti ya. Ohun tí mo rí lórí rẹ̀ ni mo wá fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lójú títì. Ẹni tó bá ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún níbí mọ bí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2016, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Ṣakí bọ̀ wá sí Ìbàdàn, torí kò sí ọkọ̀ èrò lọ́jọ́ náà. Iṣu ló kún ẹ̀yìn, èmi há sáàárín dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀. Ọ̀sán la dé Ìsẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó sún mọ́ Ìjàyè. Kòtò kan wà níbẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ti sọ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní “Bá-mi-kí-ìyá-mi.” Táyà ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kó tó jáde. Àwọn ọmọ abúlé tó gbé ṣọ́bìrì wá ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀, owó ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Èyí tí n kò gbàgbé ni òórùn. Iṣu ìsàlẹ̀ ti gbóná, omi ti ń sun lára rẹ̀, ó ń rùn bí ọtí tó kan. Nígbà tí a dé Bódìjà, ìyá oníṣu ń mú un níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Èyí tó bá rọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Òkìtì tó fẹsẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó kù.

Ẹ ronú sí ìyẹn dáadáa. Àgbẹ̀ kan ní Àgọ́-Àrẹ kọ ebè, ó gbin iṣu, ó ro ó, ó wà á, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọ̀nà ló jẹ ìdajì èrè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìjọba sì máa ń bọ̀ wá sọ fún un lọ́dọọdún pé agbọ̀n oúnjẹ ìpínlẹ̀ yìí ni Òkè-Ògùn.

Ìjọba Olóògbé Abíọ́lá Ajímọ̀bi, tó kógbá sílé ní 2019, ti gbé iṣẹ́ ọ̀nà yẹn síta, kò yọrí. Mákindé gba ìjọba ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó gba iṣẹ́ náà padà, ó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn ní bílíọ̀nù 9.9 náírà. Kìlómítà 65 ni. Wọ́n ṣe é tán. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí a kì í sábà gbọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí: wọ́n ṣe é tán. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn náà tún di títì gidi. Wọ́n wá la Ògbómọ̀ṣọ́ já Ìsẹ́yìn, kìlómítà 76.7, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ kò nílò àtilọ yípo gba Ọ̀yọ́ mọ́. Ọmọ iléèwé mi kan tó ń ta ẹ̀gẹ́ sọ fún mi pé òun ń lọ òun ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, òun sì ń sùn sílé òun. Ẹni tí kò bá tíì sùn sínú ọkọ̀ akẹ́rù rí kò ní mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Àwọn nǹkan mìíràn wà, n ó yára kọjá lórí wọn. Yunifásítì LAUTECH gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n sọ àjọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀, OYSADEP, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní Ṣakí láti ìgbà tí a kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú yín, di OYSADA, wọ́n ní kó máa fi ojú okòwò wo iṣẹ́ àgbẹ̀. Igbákejì Mákindé àkọ́kọ́, Rauf Ọláníyan, ọmọ Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ni. Nígbà tí ilé aṣòfin yọ ọ́ nípò ní oṣù Keje 2022, Adébáyọ̀ Lawal, ọmọ Kíṣí ní Òkè-Ògùn kan náà, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ wọn sì ju ìdajì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Gómìnà mọ ìṣirò, ẹnjiníà ni.

Ó dáa. Ẹ wá wo máàpù.

Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi fi ìka tọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìsẹ́yìn. Níbo ni ìka rẹ dúró sí? Ìsẹ́yìn. Níbo ni ibodè wà? Ó ṣì kù tó ọgọ́rin kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí o tó dé Ṣakí, Ṣakí fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹ́ ibodè. O ó tún kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, o ó rìn, o ó rìn, eruku á bò ọ́, kí o tó dé Òkèrètè, ìlú ẹnu-ibodè. Mo mọ̀ pé wọ́n gbé iṣẹ́ ọ̀nà Ṣakí sí Ògbòòrò sí Ìgbòho náà síta. Òun náà, ẹ fìka tọ̀ ọ́: ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Gbogbo ọ̀nà tí à ń yìn yìí, Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọjú sí. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ibodè.

N kò sọ pé gómìnà ṣàṣìṣe. Bódìjà ni iṣu ń lọ, ibi tí iṣu ń lọ ni ọ̀nà ń lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹni tó wà ní Ìbàdàn bá wo Òkèrètè, òpin ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà ayé ìyá mi ní Ṣakí, bó bá wo ibẹ̀, ojú ọ̀nà ọjà ló ń wò. Àárín ni ibẹ̀ jẹ́ fún un, kì í ṣe òpin. Títí a ó fi rí i bẹ́ẹ̀, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ará ẹnu-ibodè.

Ta ló ní òpin ni? Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé buwọ́ lùwé àdéhùn kan. Wọ́n fa ìlà láti etí òkun gòkè lọ títí dé ìlà ìbú 9 ní àríwá. Ṣakí wà nísàlẹ̀ ìlà ìbú yẹn, ẹ wò ó níbí. Báyìí ni Ṣàbẹ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ṣakí bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Kétu bọ́ sí ọ̀hún, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ síhìn-ín. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan níbi tí wọ́n ti ń fa ìlà, kò sì sí ọmọ Ìbàrìbá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé wọn ni ìlà ń gbà kọjá.

Àbúrò ìyá mi obìnrin fẹ́ ọkọ sí Ṣàbẹ. Bí màmá mi bá ń lọ kí i, mo máa ń wo bó ṣe ń múra. Òrí ló máa ń gbé lọ, inú igbá, ewé ni wọ́n fi bò ó. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò. Etí ọ̀tún ni ó ń di náírà sí, kókó kan. Etí òsì ni sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Ṣàbẹ, kókó méjì, kí ó má baà ṣì wọ́n mú nínú òkùnkùn. Kò mọ̀wé. Bí o bá sì bi í pé èló ni sẹ́fà lónìí, á sọ ọ́ fún ọ kí ẹni tó ní rédíò tó gbọ́. Ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ nìyẹn, etí ìró méjì. Kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ ilẹ̀ òkèèrè. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ń lọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2019, gómìnà tuntun kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí oyè, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Muhammadu Buhari ti gbogbo ibodè orí ilẹ̀ pa. Wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì àti ìbọn ni. Ẹ má rò pé mo fẹ́ gbèjà fàyàwọ́. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é, mo kọ́ díẹ̀ nínú wọn níwèé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ kò gba ẹnu ibodè kọjá tẹ́lẹ̀, igbó ló ń gbà, igbó ò sì nílẹ̀kùn. Ẹni tó ń gba ẹnu ibodè, tó ń sanwó, tó ń kí aṣọ́bodè ní “ẹ kú iṣẹ́ o,” ìyá tó ń ta òrí àti ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́, òun ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni àṣẹ mìíràn jáde láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà kọ́sítọ́ọ̀mù: wọn ò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróò lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ibodè. Ẹ gbọ́ mi yé. Kì í ṣe pé kí wọ́n má gbé e kọjá ibodè, pé kí wọ́n má gbé e débẹ̀ rárá ni. Bí o bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí baba rẹ kọ́lé sí kìlómítà kọkàndínlógún, ọ̀kadà rẹ àti ẹ̀rọ tí o fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti di ẹni ìfura. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí padà sí fífi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ lára irin. Mo rí ọ̀kan tí ó fi àkísà di ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, ní oṣù Kejìlá 2020, mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ: Ṣẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfum. Ó di oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó dárúkọ mẹ́rin mìíràn: Ìdíròkò, Jibiya, Kamba àti Ikom. Mo ka orúkọ mẹ́jọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Òkèrètè kò sí níbẹ̀. Gómìnà wa ń la títì lọ́wọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń ṣe é kíkankíkan. Ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ní kọ́sítọ́ọ̀mù, òun ló ní ìwọlé-wọ̀de, òun ló ní ọlọ́pàá, òun ló ní ọ̀rọ̀ ìbọn. Gómìnà kò ní ìkankan nínú wọn. Wọ́n ń pè é ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, orúkọ lásán ni. Ní ọjọ́ ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, oṣù Karùn-ún 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn tí wọ́n pè ní onífàyàwọ́ kọlu ara wọn ní Ìsẹ́yìn, nígboro, ẹ̀mí ṣòfò. Ìsẹ́yìn, kì í ṣe Òkèrètè! Ibodè ti rìn wá bá wọn nílé. Gómìnà ò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó gbébọn lọ́jọ́ náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn agbébọn wọ Ìgangan lóru, ní ìhà Ìbàràpá, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ààfin. Ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ti wà nígbà yẹn, àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níbí ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní 2020. Àwọn ọmọ náà mọ igbó, wọ́n mọ èdè, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ àlejò. Ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ gbà wọ́n láyè láti gbé kò ju èyí tí ọdẹ fi ń pa ẹtu. Ẹni tó wọlé tọ̀ wọ́n, AK-47 ló gbé.

Ẹ tún wo dáàmù Ìkéré. Àwọn tó ti dé ibẹ̀ mọ bí omi náà ṣe tẹ́jú tó. Ayé Shehu Shagari ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1983. Wọ́n ní yóò bomi rin oko, wọ́n ní yóò mú iná mànàmáná wá. Omi wà. Ẹja wà. Iná dà? Ti ìjọba àpapọ̀ ni, àjọ adágún odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ni ín. Bí gómìnà bá fẹ́ fi ife bu omi níbẹ̀ kó fi bomi rin irúgbìn, ó ní láti tọrọ ni. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, “Tíṣà, ta ni wọ́n ń tọ́jú omi yìí dè?” Mo ní kó lọ to ìlà.

Ṣé ẹ rí i pé n kò tíì bú gómìnà? Ó tó àkókò díẹ̀.

Ìjọba tó súnmọ́ ará ẹnu-ibodè jù ni ìjọba ìbílẹ̀. Bí afárá igi kan bá wó láàárín abúlé méjì, Ìbàdàn kò ní gbọ́, ká má tilẹ̀ dárúkọ Àbújá. Alága káńsù ni yóò gbọ́. Gómìnà tí à ń sọ yìí, ọjọ́ tó gorí oyè gan-an ló tú àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ká. Wọ́n bá a ṣẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre ní oṣù Karùn-ún 2021. Mo mọ ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ máa sọ, pé ìbò tó gbé wọn wọlé kò mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń bínú, pẹ̀lú ẹ̀tọ́, pé Àbújá ń fi ọwọ́ gígùn darí ìpínlẹ̀ rẹ, o ò yẹ kó o fi irú ọwọ́ yẹn kan náà darí Ìwéré-Ilé láti ọ́fíìsì rẹ ní Agodi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òrí báyìí, torí òun ló tọ́ mi dàgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìbàdàn, inú ike kékeré lẹ ti mọ̀ ọ́n. Igi ẹ̀mí, tó ń so èso òrí, kì í ṣe igi tí a gbìn, Ọlọ́run ló gbìn ín sínú oko wa. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀ ní ìdájí, kí àgùntàn tó dé ibẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi dúdú bí ẹrẹ̀. Nígbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. O ó da omi sí i, o ó máa fi ọwọ́ lù ú nínú ọpọ́n, yíká, yíká, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bí ó bá yá, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lábẹ́ ọwọ́ rẹ, láti dúdú sí pupa ràkọ̀ràkọ̀, sí funfun tó ń léfòó. Màmá mi máa ń dákẹ́ bó bá ku díẹ̀ kó léfòó. Ó ní bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, á padà. Mo ti di olùkọ́ kí n tó mọ̀ pé omi tútù ló ń ṣe é, kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú èso náà kì í dé inú ọpọ́n mọ́. Ọlọ́jà á wá láti ọ̀hún pẹ̀lú àpò, á rà á ní tútù, á gbé e gba ibodè lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é: kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa kó èso òrí tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe é níhìn-ín. Ìrònú rere ni! Bí mo bá wà ní Àbújá, mo lè ronú bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi pè mí láti Ṣakí lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àpò mẹ́tàdínlógún ló wà nínú yàrá mi, ẹni tó ń rà á ò wá mọ́, ẹni tí wọ́n ní yóò máa lọ̀ ọ́ níhìn-ín náà ò tíì dé.” Mo béèrè pé èló ni wọ́n ń dá a lé. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

Níbí ni mo ti rò pé gómìnà lè ṣe nǹkan, tí kò sí òfin tó dè é. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ òrí kò sí lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ dá gbà. Títì tó lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ àti ti káńsù, kò nílò ìwé àṣẹ Àbújá. Ilé tútù tí wọ́n ń kó iṣu sí, bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní iná ní alẹ́, kí aboyún má máa gun ọ̀kadà sọdá sí ọ̀hún láti bímọ, bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó lè fi kìlómítà 76 so Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ Ìsẹ́yìn kò lè sọ fún mi pé ti Òkèrètè jìn jù.

Èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ, kó fẹnu ṣe é. Láti 2003 ni òfin ti dá àjọ kan sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn ìlú ẹnu-ibodè. Ẹ bi ara yín, ẹ̀yin ọmọ Ìwàjówà, ẹ̀yin ọmọ Àtìsbò, kí lẹ ti rí tó kọ orúkọ àjọ náà sára? Ẹni tó yẹ kó lọ kan ilẹ̀kùn wọn láràárọ̀ ni gómìnà. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti jọ fọwọ́ sí i pé ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè wọ orílẹ̀-èdè kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, àti pé ohun tí àgbẹ̀ gbìn kò gbọdọ̀ san owó orí ibodè. Màmá mi kú láìmọ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tó lọ Ṣàbẹ ló san nǹkan fún ẹnì kan. Ó ń pè é ní “owó ẹ kú iṣẹ́.” Ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, tí gómìnà bá tẹ̀ ẹ́, tó pín in fún àwọn ìyá ọlọ́jà, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí ni ẹ̀tọ́ rẹ, èló ni yóò ná an? Kò tó owó kìlómítà kan nínú títì.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti lo àkókò jù. Alága ti ń wo aago, mo rí yín, sà.

Wọ́n ní kí a gba ìbéèrè. Àwọn mẹ́rin béèrè, mẹ́ta nínú wọn sọ̀rọ̀ ìṣèlú ọdún 2027, n kò kọ ìyẹn síbí. Ẹnì kẹrin jẹ́ ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tó wọ aṣọ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ó ní, “Màmá, Ìjìó ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń fọwọ́ tọ máàpù yìí ni mo ti ń wá ìlú wa. Mi ò rí i.”

Mo yípadà, mo wò ó. Mo wọ awò mi, mo tún wò ó. Kò sí níbẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ pẹ̀lú máàpù yẹn.

Mo fún un ní bírò. Ó gba àárín àga wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wá Ìgànná, ó wọ̀n ọ́n sí òsì díẹ̀, ó sì fi àmì kékeré kan síbẹ̀, létí ibi tí àwọ̀ ewé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti pàdé funfun.